Òfin Orílẹ̀-èdè àti Ìlànà Àjùmọ̀ní Ilẹ̀ Áfíríkà Lórí Ààbò Ogúnléndé: Àpẹẹrẹ Láti Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ogun tàbí inúnibíni lé wá sí ẹnubodè wa wà lábẹ́ oríṣi òfin méjì. Èkíní ni ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ fọwọ́ sí. Èkejì ni òfin tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe nílé ara rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn méjèèjì ṣe bá ara wọn tan. Ó yẹ àdéhùn OAU ti ọdún 1969 wò, ó fi wé òfin ogúnléndé tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1989, ó sì lo ìṣẹ̀lẹ̀ méjì láti dán àjọṣe náà wò: àwọn ará Kamẹrúùnù 47 tí a dá padà ní ọdún 2018, àti àwọn ará Làìbéríà àti Sierra Leone tí wọ́n gbé ibùdó Òru ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èrò wa ni pé ìlànà àjùmọ̀ní kì í lágbára ní Nàìjíríà àfi bí òfin ilé bá gbà á wọlé, àti pé òfin ilé pàápàá kò lágbára ju ìmọ̀ àwọn tó ń lò ó lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

1. Ìfáárà

Ní Adagom, nítòsí Ogoja ní ìpínlẹ̀ Cross River, ibùdó kan wà tí àwọn ará Kamẹrúùnù ń gbé láti ọdún 2018. Wọ́n sá kúrò ní apá ibi tí a ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìjọba ní Kamẹrúùnù, nígbà tí ìjà láàrin ọmọ ogun ìjọba àti àwọn tó fẹ́ dá dúró gbóná ní òpin ọdún 2017. Kí ọdún 2018 tó parí, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ti lé ní 30,000. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ronú nípa ìyá kan láàrin wọn tó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí. Ọmọ náà kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí, kò ní èsì ìdánwò, kò ní ohunkóhun tó fi hàn pé kíláàsì kẹrin ló wà kí ogun tó dé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wò wọ́n. Ó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé kí wọ́n má bi òun léèrè lọ́la. Ṣé òfin ní kí òun gbà á? Òfin ta ni? Ti Nàìjíríà ni àbí ti Áfíríkà lápapọ̀? Bí méjèèjì bá yàtọ̀, èwo ni kí òun tẹ̀ lé?

Ìbéèrè ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn. Ó dàbí ọ̀rọ̀ àwọn amòfin nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló máa ń já sí.

2. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni *ogúnléndé*. Gbólóhùn ni Yorùbá sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀: ogun ló lé ẹni náà dé ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ náà kò béèrè ẹ̀sìn onítọ̀hún, kò béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, kò sì ní kó wá fi hàn pé òun gan-an ni wọ́n ń wá láti pa. Ìtàn ló fún wa ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká sá wá sí abẹ́ àpáta Olúmọ, wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé rọ́ wá sí ìhà gúúsù, Modákẹ́kẹ́ lẹ́bàá Ifẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ìjà tó wáyé láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ lẹ́yìn náà kọ́ wa pé gbígba ènìyàn sílé nìkan kò tó. Bí kò bá sí àdéhùn tó yé tọ̀tún-tòsì lórí ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́, ọmọ-ọmọ ni yóò jogún ìjà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni *ìsádi*, tó bá *ààbò* rìn. Ìsádi ni ohun tí ẹni tó ń sá ń wá. Ààbò ni ohun tí onílé ń fún un. Òfin òde òní mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ̀ka 14 nínú Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 sọ pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ààbò lọ sí ilẹ̀ mìíràn nítorí inúnibíni, kí wọ́n sì jàǹfààní rẹ̀. Kò sọ pé ó di dandan fún orílẹ̀-èdè kan pàtó láti fún un. Àyè tó wà láàrin wíwá àti rírí yìí ni òfin orílẹ̀-èdè ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni *aṣíkiri*, ẹni tó wá ṣòwò tàbí wá iṣẹ́. Àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń ṣòwò ní Gánà, tí ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n kó ẹrù wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, kì í ṣe ogúnléndé. Àwọn ará Gánà tí Nàìjíríà lé ní oṣù kìíní ọdún 1983, tí àpò Ghana-must-go fi ń rántí wọn títí dòní, kì í ṣe ogúnléndé náà. Òfin tó dáàbò bo ẹni tí ogun lé kò bo àwọn wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ èyí, nítorí bí a bá ń pe gbogbo àjèjì ní orúkọ kan náà, ẹni tí a bá dá padà tí yóò kú ni yóò jìyà rẹ̀.

3. Ìlànà àjùmọ̀ní: láti Geneva dé Addis Ababa

Àdéhùn àgbáyé lórí ogúnléndé ni a fọwọ́ sí ní Geneva ní ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1951. Ogun Àgbáyé Kejì tó jà ní Yúróòpù ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Nítorí náà, kìkì ẹni tó ń sá nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọdún 1951 tó bẹ̀rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bo. Àfikún ọdún 1967 ló mú òdiwọ̀n ọjọ́ náà kúrò. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn yìí, ogúnléndé ni ẹni tó wà lóde ilẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀rù tó nídìí ń bà á pé wọn yóò ṣe inúnibíni sí òun nítorí ọ̀kan nínú ohun márùn-ún: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ àwùjọ tó wà, tàbí èrò òṣèlú rẹ̀.

Kò sí ogun nínú márààrún. Ẹni tí bọ́ǹbù ba ilé rẹ̀ jẹ́, tí kò sí ẹni tó dìídì kórìíra rẹ̀, lè má bọ́ sínú ìtumọ̀ náà. Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ó yani lẹ́nu pé òfin ogúnléndé kò dárúkọ ogun.

Áfíríkà rí àléébù yìí kíákíá. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ènìyàn ń sá kúrò ní Àǹgólà, Mòsáḿbíìkì àti Guinea-Bissau nítorí ogun òmìnira. Àwọn ará Rùwáńdà ti ń sá láti ọdún 1959. Nàìjíríà náà wà nínú ogun abẹ́lé láti ọdún 1967, a sì ń fi ọkọ̀ òfurufú kó àwọn ọmọdé láti Bìáfírà lọ sí Gàbọ́ọ̀nù àti Ivory Coast. Nínú ipò yìí ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Addis Ababa, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn OAU lórí ogúnléndé ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1969. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1974.

Àdéhùn náà kò ju ti Geneva nù. Ó tún ìtumọ̀ rẹ̀ sọ, ó sì fi èkejì lé e: ogúnléndé náà ni ẹni tó sá nílé nítorí ìkọlù láti òde, nítorí pé ilẹ̀ òkèèrè gba ilẹ̀ rẹ̀ tàbí ń jọba lé e lórí, tàbí nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ tó da ìlú rú gidigidi ní apá kan tàbí ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an nìyí. Àdéhùn náà fi ohun mẹ́rin mìíràn lélẹ̀ tó yẹ kí a mọ̀:

(a) A kò gbọ́dọ̀ dá ogúnléndé dúró ní ẹnubodè, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a padà sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ ti wà nínú ewu.

(b) Fífún ènìyàn ní ààbò jẹ́ ìwà àlàáfíà àti ti ọmọlúàbí. Orílẹ̀-èdè tí onítọ̀hún ti sá kúrò kò gbọ́dọ̀ kà á sí ọ̀tá.

(c) Bí ẹrù bá wúwo jù fún orílẹ̀-èdè kan, kí àwọn yòókù bá a gbé e.

(d) Ogúnléndé kò gbọ́dọ̀ jókòó sí ilẹ̀ tó gbà á kó máa gbógun ti ilẹ̀ mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà. A ó sì rí i pé ibùdó rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ẹnubodè ilé rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohùn tí ẹ̀ka kejì fi bẹ̀rẹ̀: kí àwọn orílẹ̀-èdè sa gbogbo ipá wọn, ní ìbámu pẹ̀lú òfin ilé wọn, láti gba ogúnléndé. Ìwé Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 1981 sọ̀rọ̀ lọ́nà kan náà ní ẹ̀ka 12: ẹni tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ààbò, kó sì rí i gbà, ní ìbámu pẹ̀lú òfin ilẹ̀ tó lọ àti àdéhùn àgbáyé. Ìlànà àjùmọ̀ní fúnra rẹ̀ ló rán wa lọ wo òfin ilé.

4. Bí àdéhùn ṣe ń di òfin

Ọ̀nà tí àdéhùn fi ń wọ ilé yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ẹni tó wà ní Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ẹni tó wà ní Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn jọ ń sọ èdè kan, wọ́n jọ ń ná ọjà, ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ nípa èyí yàtọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 sọ ní ẹ̀ka 147 pé àdéhùn tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí bó ti yẹ, tí a sì ti tẹ̀ jáde, ga ju òfin ilé lọ. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka 12 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àdéhùn kò ní agbára òfin títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi sọ ọ́ di òfin. Ààrẹ lè fọwọ́ sí ìwé ní Addis Ababa lónìí. Bí àwọn aṣòfin ní Àbújá kò bá ṣe tiwọn, adájọ́ kò lè fi ìwé náà dá ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ la ọ̀rọ̀ yìí yé wa nínú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi ní ọdún 2000. Nítorí pé Nàìjíríà ti sọ Ìwé Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ilẹ̀ Áfíríkà di òfin ilé ní ọdún 1983, ilé ẹjọ́ ní ó ti di ara òfin wa, ó sì lágbára ju àwọn òfin yòókù tí aṣòfin ṣe lọ, ṣùgbọ́n kò ga ju ìwé òfin ilẹ̀ wa. Adájọ́ ní Nàìjíríà lè lo ẹ̀ka 12 ìwé náà, tó dárúkọ ẹ̀tọ́ láti rí ààbò tó sì ka lílé àjèjì lọ́pọ̀ yanturu léèwọ̀, bí ó ti lè lo òfin èyíkéyìí mìíràn.

5. Òfin ogúnléndé ti Nàìjíríà

Nàìjíríà wọ inú àdéhùn Geneva ní ọdún 1967, ó gba àfikún rẹ̀ ní 1968, ó sì fọwọ́ sí ti OAU ní 1986. Ṣùgbọ́n ọdún 1989 ni ìjọba ológun ìgbà náà tó ṣe òfin tó dá àjọ ogúnléndé orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àkókò náà bọ́ sí i gẹ́lẹ́: ní ọjọ́ 24, oṣù kejìlá, ọdún 1989, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà.

Ohun tó dára nínú òfin náà ni pé kò gé ìlànà àjùmọ̀ní kúrú. Nígbà tó ń sọ ẹni tí ogúnléndé jẹ́, ó tọ́ka sí àdéhùn Geneva, sí àfikún rẹ̀, àti sí ti OAU, ó sì so àwọn ìwé náà mọ́ ìdí ara rẹ̀. Abala rẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá ni ó fi sọ pé a kò gbọ́dọ̀ kọ ogúnléndé ní ẹnubodè, a kò gbọ́dọ̀ lé e, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a padà sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ ti wà nínú ewu, ìbáà jẹ́ nítorí inúnibíni, ìbáà jẹ́ nítorí rúkèrúdò tó gba ìlú kan. Òfin náà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń béèrè ààbò, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ tí ẹni tí wọ́n bá kọ̀ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ àjọ náà ti gbòòrò, tó fi kan àwọn aṣíkiri àti àwọn tí wàhálà lé kúrò nílé láàrin Nàìjíríà fúnra rẹ̀.

Bí a bá ní kí a fi òfin yìí wé ìlànà OAU, wọ́n bára mu. Kí ló wá fà á tí ènìyàn fi lè wà lábẹ́ òfin tó dára báyìí, tí a ó sì tún dá a padà?

6. Ìdápadà ti ọdún 2018

Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn agbófinró mú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira apá Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù ní Àbújá, Julius Ayuk Tabe sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, ìjọba fi ènìyàn 47 lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Àjọ UNHCR kéde lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti béèrè ààbò ní Nàìjíríà, ó sì sọ pé ìdápadà náà lòdì sí ìlànà.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ìjọba náà, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àdéhùn OAU ní kí ogúnléndé má ṣe gbógun ti ilẹ̀ mìíràn láti ilẹ̀ tó gbà á. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ ń bá Boko Haram jà. Kò wu ìjọba kankan kí aládùúgbò rẹ̀ máa gbé ọ̀tá rẹ̀ pamọ́. Àríyànjiyàn yìí ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀ka kẹta àdéhùn náà fi lélẹ̀ ni pé kí a ká irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò. Kò sọ níbì kankan pé kí a dá a padà síbi tí ewu wà. Kódà, àdéhùn Geneva fi àyè sílẹ̀ fún dídá ẹni tó jẹ́ ewu fún ilẹ̀ tó gbà á padà, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí OAU fi ka ìdápadà léèwọ̀ kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bákan náà, àdéhùn Geneva ní a kò lè lé ogúnléndé tó ń gbé pẹ̀lú ìwé àṣẹ láìjẹ́ pé a tẹ̀ lé ìlànà òfin, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó sì lè pe ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, ọdún 2019, Adájọ́ Anwuli Chikere ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé mímú tí a mú wọn àti ìdápadà wọn kò bófin mu, ó sì pàṣẹ pé kí ìjọba rí i pé wọ́n padà sí Nàìjíríà. Ẹjọ́ náà fi hàn pé òfin wa ní eyín. Ṣùgbọ́n omi ti dànù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ológun ní Yaoundé rán mẹ́wàá nínú wọn, títí kan Ayuk Tabe, lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ wa ni pé àlàfo kò sí láàrin ìlànà Áfíríkà àti òfin Nàìjíríà. Ohun kan náà ni méjèèjì sọ, adájọ́ sì jẹ́rìí sí i. Àlàfo wà láàrin òfin àti ọwọ́ tó ń lò ó. Ọ̀ràn ìdápadà kò sì dà bí ti ilẹ̀ tàbí ti owó oṣù, tí a lè dá ohun tí a gbà padà fún oníǹkan lẹ́yìn ọdún kan. Ẹjọ́ tó bá dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfurufú ti gbéra ti pẹ́.

7. Àwọn ará Òru: níbi tí ìlànà àjùmọ̀ní ti gba òfin ilé sílẹ̀

Ìtàn kejì fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn. Ní ọdún 1990, a ṣí ibùdó sí Òru ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fún àwọn tí ogun Làìbéríà lé wá. Àwọn ará Sierra Leone wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n bí ọmọ, àwọn ọmọ náà sì dàgbà láàrin Ìjẹ̀bú.

Lẹ́yìn náà, àlàáfíà dé. Lábẹ́ òfin, èyí ní ìṣòro tirẹ̀: nígbà tí ohun tó lé ènìyàn bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kì í ṣe ogúnléndé mọ́. Ipò yẹn parí fún àwọn ará Sierra Leone ní òpin ọdún 2008, ó sì parí fún àwọn ará Làìbéríà ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2012. Kí ni kí a ṣe fún ẹni tó ti lo ogún ọdún, tí kò ní ilé tí yóò padà sí mọ́? Òfin ogúnléndé kò ní èsì tó dájú.

Ìlànà ẹkùn wa ló ní in. Lábẹ́ àdéhùn ECOWAS tí a fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979, ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn àfikún rẹ̀ sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ECOWAS àti UNHCR jọ fọwọ́ sí àdéhùn ní Àbújá pé àwọn tó bá fẹ́ dúró yóò gba ìwé ìrìnnà ilẹ̀ tiwọn, Nàìjíríà yóò sì fún wọn ní ìwé ìgbélùú gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS. Ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ogúnléndé lè dúró gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yìí kò ṣí fún gbogbo ènìyàn. Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS. Ọmọ tó wà ní Adagom kò lè gba ọ̀nà tí ọmọ Òru gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Ejagham wà ní ìhà méjèèjì ẹnubodè náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso náà jáde kúrò nínú ECOWAS. Ẹgbẹ́ lè tú, ọmọ ẹgbẹ́ lè jáde. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ìlànà ẹkùn rọ́pò òfin ilé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Méjèèjì ni kí a dì mú.

8. Ní ṣókí: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà jọ fọwọ́ sí àdéhùn OAU kan náà. Òfin Ùgáńdà ti ọdún 2006 jẹ́ kí ogúnléndé ṣiṣẹ́ kó sì rìn káàkiri, ìjọba sì máa ń yọ ilẹ̀ fún wọn láti dáko. Ní Kẹ́ńyà, inú ibùdó bíi Dadaab àti Kakuma ni a fi ọ̀pọ̀ wọn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ti Dadaab pa, ilé ẹjọ́ gíga ló dá a dúró ní oṣù kejì ọdún 2017. Ìlànà kan, ìgbé ayé méjì.

Ní Yúróòpù, òfin àjùmọ̀ní ga ju ti ilé lọ, ilé ẹjọ́ kan sì wà ní Luxembourg tó lè bá orílẹ̀-èdè wí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó bu ìtanràn 200 mílíọ̀nù yúrò lé Họ́ńgárì lórí pé kò tẹ̀ lé ìdájọ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ lórí àwọn tó ń wá ààbò. Níbi tí òfin àjùmọ̀ní ti le tó báyìí náà, ọwọ́ ìjọba ilé ṣì lè kọ̀.

Bràsíìlì yàtọ̀ sí èyí. Ìkéde Cartagena ti ọdún 1984, tó fẹ ìtumọ̀ ogúnléndé lójú bíi ti OAU, kì í ṣe àdéhùn tó de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Bràsíìlì mú lára rẹ̀ sínú òfin ilé ní ọdún 1997, ó sì fi gba ọ̀pọ̀ ará Venezuela láti ọdún 2019. Ìlànà tí kò ní agbára rárá di alágbára nítorí pé òfin ilé gbà á.

9. Ohun tó kan àwa olùkọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn wà fún un. Ẹ̀ka 22 àdéhùn Geneva sọ pé ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ọmọ onílẹ̀ ni kí a ṣe fún ọmọ ogúnléndé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 àti òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 sọ̀rọ̀ nípa *gbogbo ọmọ*. Wọn kò sọ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan. Ìlànà àjùmọ̀ní àti òfin ilé pàdé lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì sọ ohun kan ṣoṣo: gba ọmọ náà wọlé.

Ìṣòro ni pé, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn amòfin ni a fi kọ òfin wọ̀nyí, wọn kì í sì í sábà dé kíláàsì tí a ti ń kọ́ olùkọ́. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta:

Èkíní, kí ẹ̀kọ́ lórí ogúnléndé wọ inú iṣẹ́ Social Studies àti Civic Education ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba NCE lè ya ogúnléndé sọ́tọ̀ sí aṣíkiri, kó sì mọ ohun tí òfin sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, kí àwa tí a ń kọ́ èdè Nàìjíríà ṣe ẹ̀dà ṣókí àwọn òfin wọ̀nyí ní èdè tí aráàlú gbọ́. Ẹ̀ka èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ṣe é láìdúró de àṣẹ láti Àbújá.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ń lọ fún ìdánrawò olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́nubodè kọ́ bí a ṣe ń dán ọmọ tí kò ní ìwé wò láti mọ kíláàsì tó yẹ ẹ́, kí àìsí ìwé má baà di ìdí láti lé e padà.

10. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àdéhùn OAU fẹ ìtumọ̀ ogúnléndé lójú tó fi bá ọ̀rọ̀ tiwa mu, pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1989 gbà á wọlé, àti pé síbẹ̀ a dá ènìyàn 47 padà ní ọdún 2018. Ní Òru, a rí i pé ìlànà ẹkùn lè ṣe ohun tí òfin ilé kò lè ṣe. Ní Adagom, a rí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ìlú tí kò sófin ni ẹ̀ṣẹ̀ ò sí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wà, ó sì dára. Ohun tó kù ni kí ẹni tó wà lẹ́nubodè, ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, àti ẹni tó wà níwájú kíláàsì mọ̀ ọ́n. Ẹnì kẹta nínú wọn, ọwọ́ wa ló ti ń jáde lọ.